Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Ìgbóná Ọ́ìlì Nínú Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré

Nínú gbogbo aago tí ó wà níwájú awakọ̀ bàálù kékeré, aago ìgbóná ọ́ìlì ni ó ń lọ́ra jù lọ. Ìgbóná sílíńdà lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ọ́ìlì sì lè já wálẹ̀ lójijì, ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì pọ̀, ó sì ń gba àkókò kí ooru tó wọ inú rẹ̀ tàbí kí ó tó jáde kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń dúró de ìlà pupa, àmì ibi tí ìgbóná kò gbọdọ̀ kọjá, kí ó tó ṣe nǹkan fi máa ń bá ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó ti le. Ohun tí ó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ ni ibi tí ọwọ́ aago náà ń lọ, kì í ṣe ibi tí ó wà nìkan.

Àwọn ẹ́ńjìnnì onípísítìnì tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, irú èyí tí Lycoming àti Continental ń ṣe, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Rotax 912 níbi tí ìṣe tirẹ̀ ti yàtọ̀. Níbikíbi tí ìwé atọ́nà bàálù yín bá ti sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kà níhìn-ín, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bákan náà, iṣẹ́ tí ó bá gba títú ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti mẹkáníìkì bàálù tí ó ní ìwé-àṣẹ. A sọ ọ́ níbí kí ẹni tí ó ni bàálù lè mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ààlà ẹ́ńjìnnì yín lókè àti nísàlẹ̀

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ ìlà pupa, ṣùgbọ́n wọn kò ka ìsàlẹ̀ aago sí. Lórí Lycoming O-320 àti O-360, ìgbóná tí ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 118°C, tí í ṣe 245°F. Lórí Continental O-200, ó jẹ́ 107°C, tí í ṣe 225°F. Rotax 912 ULS lè dé 130°C, àmọ́ ibi tí ó yẹ kí ó máa wà ní ìrìn rẹ̀ ojoojúmọ́ ni láàárín 90°C sí 110°C, a kò sì gbọdọ̀ gbé e gòkè kí ọ́ìlì rẹ̀ tó pé 50°C. Bí aago inú bàálù yín bá ń lo Fahrenheit tí ìwé tí ẹ ń kà sì ń lo Celsius, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà kékeré kan kí ẹ sì fi í síbi tí ojú yín yóò ti máa rí i, nítorí kì í ṣe inú òfuurufú ni ó yẹ kí ènìyàn ti máa ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Láàárín ààlà méjèèjì, ibi kan wà tí ó dára jù fún ẹ̀mí gígùn ẹ́ńjìnnì. Fún Lycoming, ó wà láti 74°C dé 104°C, èyí tí í ṣe 165°F sí 220°F, ibi tí ó sì tù ú lára jù ni nǹkan bí 82°C, ìyẹn 180°F. Ẹni tí ó bá rò pé bí ọ́ìlì bá ṣe tutù tó ni ó dára tó yóò ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Nígbà tí epo bẹntiróòlù bá jó nínú sílíńdà, omi wà lára ohun tí ó ń jáde. Gálọ́ọ̀nù epo kan tí a bá jó ń bí omi tí ó tó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù kan. Èyí tí ó pọ̀ jù ń gba ibi èéfín jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì kọjá sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì kò bá gbóná tó láti lé omi yìí jáde gba ihò ìmí ẹ́ńjìnnì, yóò sẹ̀ sára irin bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára ewé, yóò sì dàpọ̀ mọ́ ìdọ̀tí iná láti di ásíìdì. Ẹ̀yà tí ó ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ ni camshaft, ọ̀pá tí ń mú kí fáàfù sílíńdà ṣí, àti tápẹ́ẹ̀tì tí ó ń tì. Nínú Lycoming, òkè crankshaft, ọ̀pá ńlá tí písítìnì ń yí, ni camshaft wà, nítorí náà ọ́ìlì máa ń ro kúrò lára rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó fún ìgbà pípẹ́, ìpẹtà sì máa ń rí ọ̀nà wọlé.

Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni 82°C ṣe lè lé omi jáde nígbà tí omi kì í hó títí yóò fi dé 100°C. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ibi tí a fi ojú aago, ìyẹn ẹ̀yà tí ń mọ ooru fún un, sí lára ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rédíétọ̀ ọ́ìlì padà dé, tí ó fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, ni aago ń wọ̀n. Ọ́ìlì tí ó tutù jù nínú gbogbo ìrìn rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ó wà lábẹ́ písítìnì àti nínú béárìn gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Rotax 912 yàtọ̀: ẹni tí ó ṣe é fẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ dé 100°C, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tí a bá fò ó, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ìṣe bàálù yín sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Nígbà tí bàálù bá ti parí gígòkè, tí ó sì ti ń fò gbọọrọ lórí gíga kan náà fún bí ìdajì wákàtí, ẹ kọ ìgbóná afẹ́fẹ́ ìta, gíga tí ẹ wà, iye agbára tí ẹ fi sí ẹ́ńjìnnì, ìgbóná ọ́ìlì, ìfúnpá ọ́ìlì àti ìgbóná sílíńdà tí ó gbóná jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ní ọjọ́ tí ó gbóná àti ọjọ́ tí ó tutù. Láìpẹ́, ẹ óò mọ̀ pé ní irú ojú ọjọ́ báyìí, lórí irú gíga báyìí, ibi báyìí ni ọwọ́ aago máa ń dúró sí.

Lójú tèmi, ìwé yìí wúlò ju ìlà pupa lọ. Ọ́ìlì tí ó máa ń wà ní 85°C tí ó wá ń dúró sí 97°C lábẹ́ ipò kan náà kò tíì sún mọ́ ìlà pupa rárá, inú àwọ̀ ewé, apá aago tí ó fi hàn pé gbogbo rẹ̀ dára, ni ọwọ́ aago ṣì wà, ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nínú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì yẹ kí a wá a rí nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ṣì kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì

Ẹ fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ, ẹ wo iye ọ́ìlì. Ọ́ìlì ń gbé ooru, nítorí náà bí ó bá ṣe kéré tó ni ìwọ̀nba tí ó kù yóò ṣe máa yí po léraléra, tí kò sì ní rí àkókò sinmi nínú ọpọ́n ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ fún ọ́ìlì láyè kí ó ro wálẹ̀ kí ẹ tó kà á, kí ẹ má baà rọ èyí tí kò yẹ sí i. Àròjù náà kò dára, torí pé ẹ́ńjìnnì yóò tu èyí tí ó lé jáde gba ihò ìmí rẹ̀, yóò sì ba ikùn bàálù jẹ́. Fún Rotax 912, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú táǹkì ọ̀tọ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú sí ìhà tí ó máa ń yí sí, títí ẹ óò fi gbọ́ tí táǹkì náà bá ń pariwo gúlúgúlú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ rí i dájú pé iná ẹ́ńjìnnì ti wà ní pípa, síbẹ̀ kí ẹ máa ṣe sí abẹ̀bẹ̀ náà bí ẹni pé ó lè ṣẹ́ná nígbàkígbà.

Irú ọ́ìlì ṣe pàtàkì pẹ̀lú. SAE 50 tí ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo máa ń nípọn nígbà òtútù, ó sì dára fún ibi tí ó gbóná. 15W-50 àti 20W-50 ń rìn dáadáa nínú òtútù láìfẹ́lẹ́ jù nígbà tí ooru bá dé. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ní ohun kan láti ṣe nínú Lycoming tàbí Continental. Rotax 912, ní tirẹ̀, ń fi ọ́ìlì kan náà ṣe iṣẹ́ gíà, nítorí náà ọ́ìlì bàálù tí a mọ̀ kò yẹ ẹ́; ọ́ìlì alùpùpù tí a fi èròjà gíà sí, èyí tí ìwé rẹ̀ fọwọ́ sí, ni ó ń lò.

Ẹ tẹjú mọ́ iwájú ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ẹyẹ máa ń kọ́lé síbẹ̀, ewé máa ń wọlé síbẹ̀, àwọn kòkòrò sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ ọ́ìlì títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ní ibi òtútù, Lycoming ní kí a kọ́kọ́ fi ooru yá ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì òun bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù ju -12°C lọ, Continental sì fi ti tirẹ̀ sí -7°C. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ni kí a yá, títí kan rédíétọ̀ ọ́ìlì àti àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọpọ́n ọ́ìlì nìkan ni a yá, aago lè fi hàn pé ọ́ìlì ti gbóná nígbà tí béárìn ṣì tutù bíi yìnyín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Lórí ilẹ̀

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣẹ́ná, ìfúnpá ọ́ìlì gbọdọ̀ jáde lójú aago láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kò bá jáde, ẹ pa á kí ẹ sì wádìí. Ẹ jẹ́ kí ó máa yí ní nǹkan bí 1000 sí 1200 RPM (iye ìgbà tí ó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan), kí imú bàálù sì kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, pàápàá ní ọjọ́ tí oòrùn mú. Rotax ń fẹ́ 2000 RPM fún bí ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà 2500 RPM títí yóò fi pé 50°C.

Ní ọjọ́ tí ó gbóná, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni orí ilẹ̀. Rédíétọ̀ ọ́ìlì kò rí afẹ́fẹ́ tó bí bàálù kò bá rìn, torí náà ẹni tí ó bá dúró pẹ́ ní ẹnu ojú ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì ń yí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ó yẹ kó wà ní òpin ìgòkè. Ẹ parí gbogbo ìwé kíkà àti ìdánwò yín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ṣeé ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgòkè

Ìgòkè ni ìdánwò tí ó le jù fún ọ́ìlì, nítorí pé agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù nígbà náà, eré bàálù sì kéré, tí ó túmọ̀ sí pé ooru púpọ̀ ń jáde tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ń kọjá. Bí ẹ bá ti kọjá àwọn ohun ìdènà, tí gíga yín sì tó, ẹ rẹ imú sílẹ̀ díẹ̀ kí eré lè pọ̀ sí i. Ẹ óò pàdánù díẹ̀ nínú bí ẹ ṣe ń yára gòkè, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì pọ̀.

Bí ọwọ́ aago bá ń gòkè ju bí ìwé kékeré yín ṣe sọ lọ, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi eré kún un nípa rírẹ imú sílẹ̀. Ẹ wò ó pé ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì wà ní ṣíṣí pátápátá, bí bàálù yín bá ní i. Ẹ fi epo kún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, nítorí àdàlù tí epo rẹ̀ kò tó nígbà tí agbára pọ̀ máa ń mú kí sílíńdà gbóná, ọ́ìlì ni yóò sì ru apá kan nínú ooru náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra dín agbára kù. Bí gbogbo èyí kò bá tó, ẹ dá ìgòkè dúró kí ẹ fò gbọọrọ títí yóò fi tutù.

Láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, ẹ ní sùúrù. Ọ́ìlì kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọwọ́ aago tó dúró, lẹ́yìn náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Bí ó bá ti dúró láìgòkè mọ́, ohun tí ẹ ṣe ti ń ṣiṣẹ́. Àfi bí ó bá ti sún mọ́ ìlà pupa: nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ ṣe pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka aago mẹ́ta pọ̀

Aago ìgbóná ọ́ìlì kò lè dá ròyìn. Ìfúnpá ọ́ìlì àti ìgbóná sílíńdà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, ìdájọ́ sì ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí wọn bá ṣe rí.

Bí ìgbóná ọ́ìlì bá ń gòkè tí ìfúnpá rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ kúrò nínú àwọ̀ ewé, ewu ńlá ni. Ọ́ìlì ń tán lọ, tàbí béárìn ń bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì náà sì lè kú láìpẹ́. Ẹ dín agbára kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yí sí pápákọ̀ òfuurufú tí ó súnmọ́ jù, kí ẹ sì ti yan ilẹ̀ gbalasa tí ẹ lè balẹ̀ sí bí ẹ kò bá dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe lo àkókò yìí láti máa wádìí ohun tí ó fà á. Ẹ rántí, síbẹ̀, pé ọ́ìlì tí ó gbóná máa ń fẹ́lẹ́, ìfúnpá rẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti ń yá. Èyí kò ní ìyọnu bí ó bá ṣì wà nínú àwọ̀ ewé, ní ibi tí ìwé yín sọ pé ó máa ń wà.

Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìgbóná ọ́ìlì kò yí padà rárá, ó lè jẹ́ aago ni ó bàjẹ́ tàbí fáàfù tí ń ṣàkóso ìfúnpá. Ẹ kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lókè, nítorí náà ẹ balẹ̀ sí pápákọ̀ tí ó súnmọ́ jù, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ aago ìgbóná bí ẹ ti ń lọ.

Bí ọ́ìlì àti sílíńdà bá jọ ń gbóná, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, ti àdàlù epo, ti àkókò tí magneto (ẹ̀rọ tí ń tan iná nínú sílíńdà) ń ṣáná, tàbí ti agbára tí ẹ ń béèrè. Bí ọ́ìlì bá gbóná tí sílíńdà sì wà bí ó ti máa ń wà, nǹkan tí ó ṣe é wà nínú ọ̀nà ọ́ìlì fúnra rẹ̀: rédíétọ̀, vernatherm (fáàfù tí ń darí ọ́ìlì sínú rédíétọ̀), iye ọ́ìlì, tàbí aago. Ẹ sọ ìyàtọ̀ yìí fún mẹkáníìkì yín, yóò gbà á lọ́wọ́ wíwá kiri.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń ṣi àwọn tí wọ́n ń fò nínú òtútù líle lọ́nà. Ọ́ìlì inú rédíétọ̀ lè dì débi pé kò ní lè sàn mọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò ní rí ibi tí yóò ti tutù, ọwọ́ aago yóò sì máa gòkè nígbà tí ìta tutù gan-an. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ṣí gbogbo ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, yóò sì fi kún ìdíwọ́ náà. Nínú irú ipò yìí, ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú agbára tí ó mọ níwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn ìbalẹ̀, àti nígbà tí bàálù bá jókòó

Ìrìn láti ojú ọ̀nà dé ibi ìgúnlẹ̀ sábà máa ń tó láti mú kí ẹ́ńjìnnì lásán rọlẹ̀. Èyí tí ó ní turbo, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, nílò ìṣẹ́jú mélòó kan ní yíyí jẹ́jẹ́ kí a tó pa á, kí ọ́ìlì má baà jóná mọ́ inú béárìn turbo náà.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ni bàálù jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ni títan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó má baà jókòó lásán. Ọ́ìlì kì í gbóná tó lórí ilẹ̀ láti lé omi jáde, nítorí náà ohun tí irú títàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi omi tuntun kún èyí tí ó ti wà níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì jókòó tì í. Ìmọ̀ràn Lycoming ni pé kí a fò ó fún wákàtí kan gbáko, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó wà láàárín 74°C sí 93°C. Bí ẹ kò bá lè fò ó, ó sàn kí ẹ má tàn án rárá, kí mẹkáníìkì sì fi ọ́ìlì ìpamọ́ tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò: wákàtí àádọ́ta fún ẹ́ńjìnnì tí ó ní fílítà, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún èyí tí ó ní asẹ́ nìkan, tàbí oṣù mẹ́rin, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ọ́ìlì bá ń gbóná jù ní gbogbo ìgbà

Ẹ má ra rédíétọ̀ tuntun kí ẹ tó dán aago wò. Mẹkáníìkì yóò yọ ojú aago náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, yóò tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tí ń hó, yóò sì wo ohun tí ọwọ́ aago sọ. Ní etí òkun, 100°C ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ibi tí ẹ wà bá ga, yóò máa dín ní nǹkan bíi 1°C fún ọ̀ọ́dúnrún mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ojú aago náà bá jẹ́ ti oníwáyà kan ṣoṣo, ara ẹ́ńjìnnì ni ó fi ń parí ọ̀nà iná rẹ̀, nítorí náà a gbọdọ̀ fi wáyà so ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà ìdánwò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sọ òótọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ìdánwò kékeré kan lókè: ẹ tan iná ìbalẹ̀ kí ẹ sì wo ọwọ́ aago. Ọ́ìlì kò lè gbóná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọwọ́ aago bá fò, wáyà ni ẹjọ́ náà kàn.

Bí aago bá ti jàre, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ó kàn. Lókè ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ kóra jọ, kí ó sì gba àárín sílíńdà àti inú rédíétọ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí ń darí rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà etí wọn, ni wọn kì í jẹ́ kí ó sá lọ. Rọ́bà tí ó ti gan, tí ó ti ya, tàbí tí ó tẹ̀ sí ẹ̀yìn dípò kí ó tẹ̀ sínú síhà ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò wúlò jáde. Ẹ ti ìbòrí pa nínú òkùnkùn, ẹ ti iná kékeré bọ inú rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láàárín rọ́bà àti ìbòrí ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà. Irú àtúnṣe yìí kò wọ́nwó, òun ni ó sì ń yanjú ẹjọ́ ọ́ìlì gbígbóná ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀ fúnra rẹ̀: ẹ fọ ìta rẹ̀, ẹ wo àwọn irin wínníwínní ara rẹ̀ bóyá wọ́n tẹ̀, ẹ wo họ́ọ̀sì àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ bóyá ó ká tàbí ó ya. Inú rẹ̀ lè kún fún ẹrẹ̀ dúdú pẹ̀lú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fọ́ irin sínú ọ́ìlì rí, pípààrọ̀ rédíétọ̀ dára ju fífọ̀ rẹ̀ lọ, torí pé wóróró irin máa ń sápamọ́ sínú rẹ̀, wọn a sì padà wá ba ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́.

Vernatherm ni fáàfù kékeré tí ń pinnu bóyá kí ọ́ìlì gba inú rédíétọ̀ tàbí kí ó yà á sílẹ̀. Nínú Lycoming, bí ọ́ìlì bá ti tó nǹkan bí 85°C, fáàfù náà yóò gùn sí i, orí rẹ̀ yóò sì dí ọ̀nà ẹ̀bùrú, kí gbogbo ọ́ìlì lè gba inú rédíétọ̀. Bí ó bá bàjẹ́ tí kò gùn mọ́, ọ́ìlì gbígbóná yóò máa gba ẹ̀bùrú náà lọ láìtutù, kò sì sí rédíétọ̀ tuntun tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà ìdánwò rẹ̀ rọrùn: a óò yọ ọ́, a óò rì í sínú omi tí a ń gbóná díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a óò sì wọn gígùn rẹ̀ bí omi náà ti ń gbóná. Ẹ tún wo orí rẹ̀: àmì ibi tí ó ti ń bá ìjókòó rẹ̀ pàdé gbọdọ̀ yí i po láìjá. Bí àmì náà bá já níbì kan, ọ́ìlì ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó ku inú ẹ́ńjìnnì. Ríìngì tí ó ti jẹ ń jẹ́ kí iná gbígbóná wọ inú ọ́ìlì. Nígbà tí mẹkáníìkì bá fi afẹ́fẹ́ tí ìfúnpá rẹ̀ tó 80 psi dán sílíńdà wò, kí ẹ fetí sí ẹnu ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, nítorí ibẹ̀ ni ariwo ríìngì ti ń jáde. Magneto tí ó ń ṣáná ṣáájú àkókò ń fi ooru kún un pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú àtúnṣe ńlá máa ń gbóná díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ títí ríìngì rẹ̀ yóò fi bá ara sílíńdà mu, lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un láyè kí ẹ tó máa tú nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ọ́ìlì kò bá gbóná tó

Bí ọ́ìlì bá ń dúró sí 60°C lẹ́yìn ìdajì wákàtí ìfò gbọọrọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aago. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo vernatherm, bóyá ó há sí ipò tí ó ń rán gbogbo ọ́ìlì lọ sínú rédíétọ̀ kódà nígbà tí ó tutù. Bí fáàfù náà bá dára, ojú ọjọ́ ni ó fà á. Àwọn tí ń ṣe bàálù máa ń pèsè pátákó irin tàbí ìdérí ìgbà òtútù láti fi bo apá kan lójú rédíétọ̀ tàbí ihò ìbòrí. Ti Cessna 172 wà fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá tutù ju -7°C lọ. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú bàálù yín ni kí ẹ lò. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà tí ó hàn sójú awakọ̀ pé ìdérí wà lójú rédíétọ̀, kí ẹlòmíràn tí yóò fò ó lọ sí ibi tí ó gbóná lè yọ ọ́ kí ó tó gbéra.